Ṣé O Mọ̀? Ẹrù Tó Yẹ Kí O Dì Bí O Bá Ń Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù Nígbà Ìrúwé

Ṣé o mọ̀ pé òjò Èkó ju òjò Lọ́ńdọ̀nù lọ fíìfíì?

Ṣebí o rò pé irọ́ ni! Gbogbo òjò tó ń rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bí 600 mìlímítà lọ. Ti Èkó ń lé ní 1,400.

Oṣù kẹfà nìkan, Èkó lè gba 300 mìlímítà. Ìdajì òjò tí Lọ́ńdọ̀nù ń fi odindi ọdún rọ̀ nìyẹn, nínú oṣù kan ṣoṣo.

Ó tún kù. Róòmù, ìlú tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń sá lọ nítorí oòrùn, òjò ibẹ̀ pọ̀ ju tiwọn lọ.

Kí ló wá sọ Lọ́ńdọ̀nù di ìlú òjò lẹ́nu gbogbo ayé? Má ka omi, ka ọjọ́. Bí ọjọ́ 110 ni òjò fi ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún. Pín 600 sí ọ̀nà 110. Mìlímítà márùn-ún àti díẹ̀ ló kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan! Òjò winniwinni. Kò pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń sá fún, kò sì ní jẹ́ kí aṣọ rẹ gbẹ.

Nítorí náà, bí o bá ń di ẹrù lọ síbẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, òjò kọ́ ni kó kọ́kọ́ bà ọ́ lẹ́rù. Òtútù ni.

Wo rìmóòtù éésì inú yàrá rẹ. Ibi tó lọ sílẹ̀ jù lórí ọ̀pọ̀ wọn ni 16. Ọ̀sán gangan ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kẹrin, dígírì 15 ló sábà máa ń jẹ́! Gbogbo ìlú tutù ju éésì rẹ lọ, kò sì sí ibi tí o máa tẹ̀ kó kú.

Oṣù kẹta ńkọ́? Ọ̀sán 12, òru bíi 5. Oṣù karùn-ún nìkan ló máa ń ṣe ojú àánú díẹ̀: 18 tàbí 19.

Sún mọ́ mi kí o gbọ́ èyí. Lọ́dún 2018, yìnyín bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún náà, ooru mú dé dígírì 29.1 ní St James's Park, láàárín ìlú gan-an. Ọjọ́ 32 péré ló wà láàárín méjèèjì! Láti ọdún 1949, ooru oṣù kẹrin kankan kò mú tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Bìrìtéènì.

Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ di ẹrù fún irú ìlú bẹ́ẹ̀? Ẹni tó kó aṣọ òtútù nìkan á làágùn. Ẹni tó kó bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan á gbọ̀n.

O rò pé oṣù Kérésìmesì ni yìnyín wọn? Ní Bìrìtéènì lápapọ̀, ọjọ́ tí yìnyín ń bọ́ nínú oṣù kejìlá jẹ́ 3.9 ní ìpíndọ́gba. Ti oṣù kẹta jẹ́ 4.2!

Èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ: ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1975, yìnyín dá ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì dúró ní ìlú Buxton. Oṣù kẹfà o! Ìgbà ìrúwé ti lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ti wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀gákọ̀ tó gbé Charles Darwin yí ayé ká náà ló dá àjọ ojú ọjọ́ Bìrìtéènì sílẹ̀? Robert FitzRoy ni. Ọdún 1854 ló bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1861, ìwé ìròyìn The Times gbé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ rẹ̀ jáde fún gbogbo èèyàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Àjọ náà, Met Office, wà títí dòní. Yẹ ohun tí wọ́n sọ wò ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí o máa pa báàgì dé. Má yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, o kàn ń dá ara rẹ láàmú ni.

Ó yá, báàgì dà?

Aṣọ tó ṣeé wọ̀ lé ara wọn ni kí o kó. Síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà, kóòtù fẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Mẹ́rin. Oòrùn yọ, o bọ́ ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ dé, o wọ̀ ọ́ padà. Láàárín wákàtí kan o lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó máa wò ọ́.

Súwẹ́tà onírun àgùntàn ni kó jẹ́. Ṣé o mọ̀ pé irun àgùntàn lè fa omi tó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, tí o ó sì fọwọ́ kàn án kí o máa rò pé ó gbẹ?

Jíǹsì kò ní irú oore bẹ́ẹ̀. Tó bá ti mu omi lálẹ́, o lè bá a ní tútù láàárọ̀. Mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan tó!

Kóòtù òjò wá ni ọ̀rọ̀ tó dùn jù. Gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Lọ́dún 1823, Charles Macintosh, ará Glasgow, gba ìwé àṣẹ lórí aṣọ tí omi kì í là kọjá. Ó fi rọ́bà yíyọ́ sáàárín aṣọ méjì, ó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ohun tó fi yọ́ rọ́bà ọ̀hún, láti ara ọ̀dà èédú ló ti rí i. Òórùn ńkọ́? Òórùn kóòtù náà máa ń ṣáájú ẹni tó wọ̀ ọ́ wọlé!

Ooru mú, kóòtù ń lẹ̀ mọ́ ara. Òtútù dé, kóòtù gan. Síbẹ̀ wọ́n ń rà á.

Ó tó bí ogún ọdún kí Thomas Hancock ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà tó rí i pé bí a bá fi imí-ọjọ́ se rọ́bà, kò ní yọ́ mọ́, kò sì ní gan mọ́.

Ọmọkùnrin kan wà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Basingstoke lọ́dún 1856. Ọmọ ọdún 21 ni. Thomas Burberry ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1879 ó hun gabardine, aṣọ tí wọ́n ti fi nǹkan pa òwú rẹ̀ lára kí wọ́n tó hun ún, tí òjò ò fi wọ̀ ọ́. Roald Amundsen àti Ernest Shackleton wọ aṣọ rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ayé lápá gúúsù, níbi tí yìnyín kì í ti í tán. Ìwọ ní tìrẹ, Oxford Street lo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ.

Bob Gore ló tún wá bọ́ sí i lọ́dún 1969, ní Amẹ́ríkà. Ó mú ọ̀pá ike kan tí wọ́n ti mú gbóná, ó sì fà á lójijì. Kí ike náà já ni ìbá jẹ́. Kò já! Ó nà ní ìdá 800 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ike fífà yẹn ló di Gore-Tex. Ihò bílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló wà nínú ínǹṣì kan rẹ̀ níbùú lóròó! Ihò kọ̀ọ̀kan kéré ju ẹ̀kán omi kan lọ ní ìlọ́po 20,000. Ó sì tóbi ju hóró oru omi lọ ní ìlọ́po 700. Òógùn rẹ ń bá ibẹ̀ jáde, òjò kò rí ibẹ̀ wọlé. Bílíọ̀nù mẹ́sàn-án! Tún un kà.

Kóòtù tó ní ìbòrí ni kí o mú, nítorí ọ̀rọ̀ agboòrùn tí mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fi ọkùnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé ó mú agboòrùn dání? Jonas Hanway ni, láwọn ọdún 1750. Obìnrin ló ń lo agboòrùn nígbà náà. Nílẹ̀ wa, ọba ni wọ́n ń ṣí agboòrùn ńlá sí lórí. Níbẹ̀, wọ́n ń pariwo lé ọkùnrin tó bá gbé e.

Àwọn tó bínú sí i jù ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé èrò. Òjò ni ọjà tiwọn! Bí gbogbo ọkùnrin bá ní agboòrùn, ta ló máa sanwó ọkọ̀?

Hanway kò dá wọn lóhùn. Bí ọgbọ̀n ọdún ló fi gbé e.

Ọkùnrin kan náà kọ ìwé láti bá tíì mímu jà. Tíì! Ní Lọ́ńdọ̀nù! Samuel Johnson, òǹkọ̀wé ìwé atúmọ̀ èdè tí kì í fi tíì ṣeré, fi kálámù fún un lésì. Hanway borí nínú ọ̀rọ̀ agboòrùn, ó pòfo nínú ti tíì.

Egungun agboòrùn ayé ìgbà yẹn ńkọ́? Ẹnu ẹja àbùùbùtán ni wọ́n ti ń mú un wá. Ọdún 1852 ni Samuel Fox fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó ń ká wọ inú àpamọ́wọ́? Ará Jámánì ló ṣe é, Hans Haupt, lọ́dún 1928. Ogun ti ṣe é léṣe, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò lè mú ọ̀pá mú agboòrùn gígùn pọ̀!

Ṣọ́ọ̀bù agboòrùn kan wà ní New Oxford Street tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1830: James Smith & Sons. Láti ọdún 1857 ló ti wà lójú kan náà. Kí wọ́n tó da Èkó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ta agboòrùn.

Ìmọ̀ràn tèmi? Mú èyí tó ń ká, tí kò wọ́n. Afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù máa ń yí agboòrùn sódì, bí afẹ́fẹ́ kò bá sì bà á jẹ́, inú ọkọ̀ ni o máa gbàgbé rẹ̀ sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún agboòrùn ló ń dé ọ́fíìsì tí àjọ ọkọ̀ ìlú náà ń kó ohun tó sọnù sí.

O ní kò burú, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni o máa wọ̀, òjò ò ní rí ọ? Ha! Ibùdókọ̀ 272 ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà ní, ojú irin rẹ̀ sì gùn tó kìlómítà 402. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló wà lábẹ́ ilẹ̀! Gbogbo ìyókù wà lójú ọ̀run gbayawu, lábẹ́ òjò.

Bàtà ńkọ́? Èyí tó bo ọmọ ìka pátápátá ni. Fi sáńdà sílé. Ìbọ̀sẹ̀ ni kí o kó dáadáa. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú báàgì, òun ni mi ò ní bá ọ ṣírò.

Má gbé bàtà rọ́bà gígùn o, ìgboro lò ń lọ. Àmọ́ gbọ́ èyí: nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé iṣẹ́ kan ní Edinburgh rọ irú bàtà yẹn fún àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì. Iye rẹ̀? Ẹsẹ̀ bàtà 1,185,036. Wọ́n tilẹ̀ ka mẹ́fà tó gbẹ̀yìn!

Owó. Ṣé o mọ̀ pé òjò kò rí owó Lọ́ńdọ̀nù gbé ṣe? Ike ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Ìwé pọ́n-ùn márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2016. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn: ₦20 oníke ti jáde ní Nàìjíríà láti ọdún 2007!

Nígbà tí tiwọn jáde, àṣírí tú pé ọ̀rá ẹran díẹ̀ wà nínú ike náà. Àwọn tí kì í jẹ ẹran fárígá. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Nítorí owó tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ!

Bí àǹtí rẹ bá ní pọ́n-ùn 20 tàbí 50 oníwèé tó ti tọ́jú látọjọ́ tó ti dé láti ìlú òyìnbó, tó ní kí o fi ná, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, kì í ṣe owó tí òfin mọ̀ fún ìnáwó mọ́. Ilé ìfowópamọ́ àgbà, Bank of England, ló ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀.

Má sì kó ṣílè pamọ́ fún bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2014. Káàdì ni, tàbí fóònù.

Ṣájà rẹ ńkọ́? Èyí dùn mọ́ mi. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà lára ògiri rẹ ní Ìbàdàn, òun náà ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù! Ọdún 1947 ni wọ́n gbé òfin púlọ́ọ̀gì yẹn kalẹ̀ ní Bìrìtéènì. Fíúùsì wà nínú púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tí o máa rà.

Ará Kútọnu, ará Àjàṣẹ́, ará Lomé, ẹ má bá wa yọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ róbótó ni tiyín. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun kò ní ráyè nínú ilé ìwẹ̀ wọn o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n nìkan ni o lè bá níbẹ̀.

Mú òrí dání. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, inú ẹfun abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń gbà kọjá, ara rẹ á gbẹ. Ṣùgbọ́n mú ṣíbí kékeré mọ́ ọn! Òrí tó ń rọ̀ nílé á le koko níbẹ̀.

Àdín àgbọn ńkọ́? Tí kò bá gbóná tó dígírì 24, kì í yọ́. Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà gbóná tó 24 nígbà ìrúwé. Funfun, dídì, látàárọ̀ ṣúlẹ̀!

Oúnjẹ ló ń wúwo jù nínú báàgì wa, ká má tan ara wa. Má ru gààrí. Má ru èlùbọ́. Ọjà Rye Lane wà ní Peckham, ti Ridley Road wà ní Dalston. Iṣu, ata rodo, ẹ̀fọ́, ó wà lórí igbá níbẹ̀.

Wàrà? Kílíṣí? Wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹran àti ohunkóhun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú báàgì rẹ.

Ẹja gbígbẹ wá ńkọ́? Di ara rẹ mú. Òfin gbà ọ́ láyè kílò 20! Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú sì rèé, kílò 23 ni wọ́n fún báàgì kan. O lè kó ẹja 20, kí o wá fi kílò mẹ́ta tó kù kó aṣọ.

Oògùn. Ní ilé ìtajà lásán níbẹ̀, páálí parasítámọ́ọ̀lù kan kò gbọdọ̀ ju ẹyọ 16 lọ láti ọdún 1998. Oògùn apakòkòrò, irú amọ́síìlì, kò sí lórí igbá. Kò sẹ́ni tó máa kàn tà á fún ọ lásán. Tramadol jẹ́ oògùn tí òfin ń ṣọ́ gidigidi: bí dókítà rẹ bá fún ọ lò ó, mú lẹ́tà rẹ̀ dání, kí o má sì yọ oògùn náà kúrò nínú páálí rẹ̀.

Piriton ńkọ́? Mú un. Igi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye èèyàn ibẹ̀, ìgbà ìrúwé ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń da lẹ́búlẹ́bú òdòdó sínú afẹ́fẹ́. O máa sín. Tí ojú bá ń yún ọ, má pè é ní àpólò.

Bí ó bá jẹ́ òde àríyá lo ń lọ, mú léèsì rẹ. Ṣé o mọ̀ pé ìlú Lustenau, ní Austria, ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú léèsì olówó ńlá tí à ń wọ̀ láti àwọn ọdún 1960? Yúróòpù ti mọ léèsì rẹ kí ìwọ tó dé ibẹ̀! Gèlè ni kí o máa ṣọ́. Má wé e nílé kí o tó jáde. Gbé e sínú ọ̀rá, kí o wé e nígbà tí o bá dé gbọ̀ngàn.

Mú aṣọ ìbojú fún oorun. Ní ìparí oṣù karùn-ún, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ń yọ kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù, kì í sì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá. O jẹun alẹ́ tán, ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀ kedere!

Aago gan-an ni ó kù. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan, William Willett, ló kọ ìwé pélébé lọ́dún 1907 pé kí wọ́n máa sún aago síwájú nígbà ìrúwé. Ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Sunday mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn nínú oṣù kẹrin ni ó dábàá! Ó kú lọ́dún 1915. Òfin náà jáde lọ́dún 1916. Olórin Coldplay nì, Chris Martin, inú ìdílé rẹ̀ ló ti wá.

Ní ọjọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, wọ́n ń sún aago síwájú ní wákàtí kan. Láti ọjọ́ yẹn títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago Èkó jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́. Bí o bá dé ibẹ̀ nínú oṣù kẹrin, má fọwọ́ kan aago ọwọ́ rẹ.